Ara Màmá Ti Ń Yá

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní lítíréṣọ̀ ní Ìlá. Ìwé ìtàn àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí ẹnì kan bá ti ń ṣàìsàn tó máa gbẹ̀mí rẹ̀. Àríwísí kan ni wọ́n ní sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó sí kíláàsì wọn tí kò gbọ́ ọ. "Ẹni tó ń kú nínú ìwé kì í ṣàìní èèyàn. Àwọn ọmọ á yí bẹ́ẹ̀dì ká. Èyí tó wà lẹ́yìn odi gan-an á ti dé. Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Òǹkọ̀wé ò ní sọ fún wa!" A máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àìsàn dé bá àwọn fúnra wọn, dókítà kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, Bàbá, ló pè sí kọ̀rọ̀. Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Àgbà ilé ni wọ́n ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ abẹ kò wúlò mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kó wa jọ sí pálọ̀ wọn. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni kí a máa pè é létí aláìsàn. Wọ́n tún ní ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, kò gbọdọ̀ gbọ́.

"Iṣẹ́ tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí," Bàbá sọ. "Ṣé ẹ fẹ́ kó fi ìpayà wọ mọ́tò, kí ọ̀fọ̀ wa di méjì ni?"

Mo ní ó yẹ kí ọmọ mọ̀.

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin oníròyìn! Ohun tí rédíò ò bá tíì sọ, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú yín. Fi bírò rẹ sápò, jàre." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì parí síbẹ̀.

Mo máa ń lọ kàwé fún Màmá nírọ̀lẹ́, torí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ìwé tí wọ́n yàn jẹ́ ìtàn oníṣòwò obì kan tó mọ̀ pé òun ò ní dìde mọ́, tó wá ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn kò fẹ́ràn ìwé náà rárá.

"Ẹ bá wọn ka ibi ìgbéyàwó," ló máa ń sọ.

"Ìwọ tí o kọ̀ tí o ò lọ́kọ," Màmá dá a lóhùn, "inú ìwé lo ti wá ń wá ìgbéyàwó!" Wọ́n yíjú sí mi. "Máa kà á lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ fún àkọ́bí rẹ̀."

Mo kà á tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ọdún Àjíǹde ni, Màmá."

"Ìyẹn jìnnà. Bí mo bá kú kó tó—"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àbúrò mi ti ké láti ìdí ààrò. "A ò ní gbọ́ ọ! Ẹ ó pẹ́ fún wa!"

"Mo ti lé ní àádọ́rin. Pípẹ́ wo ló tún kù?"

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti lanu sí ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹnì kan máa ń fi àdúrà bò ó. Àwọn ará ìjọ tó wá kí wọn láti Òkè-Ìlá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmín wọn gba ilé kan.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà máa ń pè. Bàbá ló ń di fóònù mú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá sọ pé, "Máa bọ̀ wá wò mí." Bàbá fa fóònù kúrò lẹ́nu Màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Má dá wọn lóhùn! Àárò rẹ ló ń sọ wọ́n. Ara Màmá ti ń yá. Dojú kọ iṣẹ́ rẹ." Màmá kò bínú. Wọ́n kàn kọjú sí ògiri.

Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. A kò tíì wẹ̀ wọ́n tán tí Bàbá fi pe Àbújá. Mo dúró ti Bàbá, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀: "Ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọ́n ń bèèrè rẹ. Máa bọ̀ nílé." A kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n ń kú lọ, a ní ara wọn ń yá. Ìgbà tí wọ́n kú tán ni a tó gbà pé wọ́n ń ṣàìsàn.

Ọ̀kadà ló gbé ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó di ápù àti mílíìkì inú agolo dání. Ó rí àwọn àga tí wọ́n tò síwájú ilé. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Inú mi ń dùn bọ̀ lọ́nà, Bàbá," ló sọ. "Mo ń sọ fún ẹni tá a jọ jókòó pé ìyá mi ń bèèrè mi."

Bàbá gbá a mọ́ra. Wọ́n ti sunkún títí ohùn wọn fi há. "Wọn ò jìyà. Wọ́n sùn ni. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó yá, ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń kàwé fún wọn. Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò bèèrè mi?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe jáde lẹ́nu Màmá. "'Ọmọ mi ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀?' Wọ́n bèèrè títí ó fi sú wọn."

"Mo gbọ́ èyí tí wọ́n sọ lórí fóònù," ó ní. "Bàbá ní àárò ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ àárò." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá pé mo mọ̀. Àgbà ni wọ́n. Ó lè pa wọ́n."

Ó bọ́jú nídìí kànga, ó padà wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣe.