Dọ́lífìn, Bọ̀ọ̀nì àti Èémí Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ọ̀yọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1980, olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa ní kí kálukú fi ẹranko kan wé igi kan, kó sì ṣàlàyé níwájú kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dọ́lífìn oníké tó ń gbé etíkun wa ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, pẹ̀lú igi akéṣíà tí à ń pè ní bọ̀ọ̀nì. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí n kò rí òkun rí.

Ti bọ̀ọ̀nì kò le. Èso rẹ̀ ni bàbá mi ń rà ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ kó má bàa jẹrà. Mo wọkọ̀ lọ sílé láti mú díẹ̀.

Mo bá bàbá lórí àpótí, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, àyà rẹ̀ ń súfèé. Ikọ́ fée ti tún dé. Màámi sọ pé orí ìjókòó ni bàbá ń sùn, kò sì gbà láti lọ sí ọsibítù.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá." Mo sọ ohun tí mo wá ṣe, pé dọ́lífìn inú òkun ni wọ́n fún mi.

"Ìrọ́jú kẹ̀? Mò ń gbatẹ́gùn ni. Ẹja wo ni wọ́n fún ẹ?"

"Kì í ṣe ẹja, bàbá. Inú omi ló ń gbé, àmọ́ kò lè mí níbẹ̀. Àfi kó yọrí sókè."

"Kí ló wá lọ ṣe nínú omi?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ bàbá lọ́fun. Èmi aláròyé ò sì dákẹ́: mo ní bọ̀ọ̀nì kì í rìn, ojú kan ni atẹ́gùn ń bá ewé rẹ̀, àmọ́ dọ́lífìn gbọ́dọ̀ máa rántí láti mí. Ìdajì ọpọlọ rẹ̀ ló máa ń sùn lẹ́ẹ̀kan, ìdajì yòókù á máa ṣọ́ èémí. Bó bá sùn pátápátá, ó parí nìyẹn.

 Bàbá ní, "Èmi náà nìyẹn."

Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù. Ó nawọ́ sí ìkòkò tí awọ wà nínú omi bọ̀ọ̀nì. "Ta ni yóò máa yí wọn? Wọ́n á bàjẹ́."

"Èmi ni."

"Ọ̀yọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀yọ́ ò ní sá lọ."

Bàbá gbà, màámi sì tẹ̀lé e lọ. Ìdí ìkòkò ni Mọ́ńdè bá mi, omi bọ̀ọ̀nì ti pa mí lọ́wọ́ dà dé ìgúnpá. Màámi ti ọsibítù dé, inú rẹ̀ sì dùn.

"Àwọn nọ́ọ̀sì ti gún bàbá ẹ lábẹ́rẹ́. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, oorun sì gbé wọn lọ pátápátá."

Mo dìde. "Ṣé ẹ rí i pé wọ́n ń mí?"

Màámi wò mí. "Èèyàn ni bàbá ẹ, kì í ṣe ẹja."

Dọ́lífìn pàápàá kì í ṣe ẹja, àmọ́ mi ò dúró ṣàlàyé. Mo ní kí màámi bá mi yí awọ, mo sì sáré lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mò ń wo àyà bàbá mi. Ó gbéra sókè, ó wálẹ̀. Mo dúró de èyí tó kàn.