Bàbá Mi Jókòó Jẹun ní Lier

Achiel ni orúkọ bàbá mi. Witloof ló fi gbogbo ayé rẹ̀ gbìn. Ewébẹ̀ funfun kan tó korò ni, inú òkùnkùn ló sì ti ń hù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, kò sì ní sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Nítorí náà, inú òkùnkùn ni bàbá mi wà. Kò ṣàròyé. Bí èèyàn bá kí i, á dáhùn. Bí èèyàn bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rò ó. Nígbà míì, ọjọ́ kejì ló máa tó fèsì.

Màmá mi, Godelieve, ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Òun náà ló máa ń háyà bọ́ọ̀sì ńlá lọ́dọọdún fún ẹgbẹ́ àwọn àgbà abúlé wa. Òun ló ń mú ìlú tí wọ́n máa lọ, òun ló ń di máìkì mú nínú ọkọ̀. Bàbá mi ò bá wọn lọ rí. Ó ní ilẹ̀ kan náà ló wà lọ́hùn-ún.

Màmá mi kú nínú oṣù Kejì.

Níbi tiwa, bí wọ́n bá ti sin òkú tán, wọ́n á jókòó ti kọfí: búrẹ́dì róbótó, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, ṣíìsì, kọfí. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Gbogbo abúlé ló jẹ ti màmá mi. Bàbá mi nìkan ni kò jẹ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí, tó ń wo àwọn àpótí bíà títí wọ́n fi jẹun tán.

Láti ọjọ́ náà, kò jókòó jẹun mọ́. Á dúró ti síńkì, á gé búrẹ́dì, á gé e jẹ díẹ̀, á sọ ìyókù sí ajá. Ajá ń sanra. Bàbá mi fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀, nígbà tó yá ó tún lu òmíràn. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Wannes, bí bàbá ẹ ò bá jẹun, á tẹ̀ lé ìyá ẹ o."

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Òkúta ojú títì ni mo ń tò. Mi ò kàwé lọ títí. Mi ò mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú èèyàn jókòó.

Ìrìn àjò tọdún yìí, màmá mi ti ṣètò rẹ̀ kó tó kú. Ìlú Lier ló mú. Mariette, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló gba máìkì. Ó wá sílé wa, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Achiel, ààyè Godelieve ṣófo nínú bọ́ọ̀sì. O ń bọ̀."

"Mi ò lọ."

"Ta ló bi ẹ́? Wannes, ìwọ náà ń bọ̀. Wá mú bàbá ẹ dání."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Firmin, dírẹ́bà wa, ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí bàbá mi.

"Háà, Achiel! Mo rò pé o ti ta gbòǹgbò sílé ni."

Bàbá mi ní, "Ó kù díẹ̀."

Bàbá mi jókòó sí ààyè màmá mi, lẹ́yìn dírẹ́bà gan-an, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mariette fẹ́ atẹ́gùn sínú máìkì.

"Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Rárá!"

"Ẹ kú irọ́. A máa kọ́kọ́ jẹun, ká tó lọ wo Begijnhof, àwọn ilé àtijọ́ táwọn obìnrin olùfọkànsìn ń gbé, ká tó wo ilé ìṣọ́ aláago. Ẹni tó bá sọnù, kó dúró sójú kan. Kó má fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá wa o!"

Bọ́ọ̀sì ò lè wọ àárín ìlú, òpópónà ibẹ̀ há. Firmin já wa sílẹ̀ lẹ́bàá odò, ó páàkì, òun náà tẹ̀ lé wa nítorí oúnjẹ. A rìn nínú òjò. Kóòtù tó dára jù làwọn àgbà wa ń wọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sóde, dúdú sì ni kóòtù tó dára jù. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Omi ń kán ní imú gbogbo wa. Bàbá mi ló wà níwájú, kì í ṣe pé ó ń darí wa, ó kàn fẹ́ kó tètè parí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni ilé oúnjẹ náà wà. Ó ní gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀, òmíràn lókè. Ọmọbìnrin kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo kóòtù wa, ó wo ojú wa tó tutù, ó wo bàbá mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ máa bọ̀ níbí."

Ó ṣí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ fún wa.

Mariette ní, "Ọmọ yìí mọ̀wà hù. Ó mọ̀ pé òjò pa wá."

Búrẹ́dì róbótó ti wà lórí tábìlì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ṣíìsì, kọfí gbígbóná, òdòdó funfun. Káàdì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò bàbá àgbà kan. Ooru kọfí ti bo awò ojú Mariette, ó ti bọ́ ọ sínú báàgì. Ó gbé káàdì sókè.

"Ọ̀gá ilé oúnjẹ rèé. Ó jọ olóòótọ́."

Firmin ní, "Ọ̀gá wo ló ń fi fọ́tò ara ẹ̀ síbi oúnjẹ? Ìgbéraga lásán." Ó ti ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì kejì.

Gbogbo wọn ń jẹun. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Mo fa àga fún un, mo sì mọ̀ pé kò ní jókòó. Ó mú káàdì kan. Ó kà á, ó pẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ló bá jókòó.

Ó mú búrẹ́dì. Ó là á sí méjì, ó fi ẹran sí i. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mú òmíràn.

Mo gbé káàdì náà. Mi ò yára kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ àgbélébùú bí mo bá rí i. Odilon Verrept. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kú. Mo fi ẹnu sí etí bàbá mi.

"Bàbá, oúnjẹ òkú lẹ̀ ń jẹ yìí."

"Mo mọ̀."

"A ò mọ ọkùnrin yìí."

"Odilon ni. Ó wà lórí káàdì."

"Ṣé kí n sọ fún wọn?"

Ó wo Mariette, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún. "Jẹ́ kí wọ́n jẹun."

Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, gbogbo wọn á dìde, òun náà á dìde. Kò tíì jẹ èkejì tán. Mo ki búrẹ́dì bọ ẹnu ara mi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà kékeré kan wọlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lápá mú. Àlùfáà wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú èèyàn díẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo máa gba gbogbo wọn. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yọjú lẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mariette dìde. "Ẹ má bínú o, ibí ti kún. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ni wá. Bóyá ẹ máa ráyè lókè."

Ọmọ ìyá àgbà náà ní, "Ìsìnkú bàbá mi ni."

Mariette gbé káàdì sún mọ́ imú. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé ọrùn.

"Jésù o! Ẹ dìde! Firmin, gbé e sílẹ̀!"

"Mo ti gé e jẹ."

"Gbé e sílẹ̀!"

Àga ń han nílẹ̀. Obìnrin kan dá ààbọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ padà sínú àwo, ó fi òdìkejì ibi tó gé jẹ hàn wọ́n. Bàbá mi náà dìde. Mo rò pé ó ti tán, pé ẹ̀yìnkùlé ló tún ń lọ. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá náà ló lọ.

Ó ní, "Mo jẹ méjì. Ẹran náà dára."

"Ṣé ẹ mọ Odilon ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ jẹ ẹ́?"

Bàbá mi ronú sí i. Mo bẹ̀rù pé ó di ọ̀la.

"Ìyàwó mi kú nínú oṣù Kejì. Mi ò jẹ tiẹ̀."

Ó yọ káàdì ìsìnkú màmá mi, irú kan náà, nínú fìlà rẹ̀. Òógùn ti mú etí káàdì náà pọ́n. Ó nà án sí ìyá náà, ìyá náà gbà á, ó kà á, ó fi í sínú báàgì pẹ̀lú ti ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo yíká gbọ̀ngàn.

"Mo ní kí wọ́n to àga rẹpẹtẹ. Ọmọ mi ní, Màmá, ta lẹ rò pé ó máa wá? Odilon ti fi ẹnu ẹ̀ lé gbogbo èèyàn lọ." Ó fa àga fún ara rẹ̀. "Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ ó rí i pé ilé ẹ̀ kún."

A jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ tiwa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Firmin ní ìyàtọ̀ kankan ò sí, òun ti tọ́ méjèèjì wò. Mariette jókòó ti ọmọ olóògbé, ó béèrè ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kọfí fi máa tán, ó ti ń sunkún gidi.

"Èèyàn dáadáa ló lọ yìí."

Ọmọ náà ní, "Kò dáa tó bẹ́ẹ̀."

"Kò burú náà."

"Ó burú díẹ̀."

Ìyá náà ń la búrẹ́dì fún bàbá mi. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti rù jù."

"Ajá ló ń jẹ ẹ́."

"Ẹ má fún un mọ́."

Òkèlè kan ti wà lẹ́nu mi tipẹ́. Mo gbé e mì. Mo mú búrẹ́dì mìíràn.

A ò rí Begijnhof. Ilé ìṣọ́ aláago, a gbọ́ ọ. Nínú bọ́ọ̀sì, Mariette ní àwọn tó bá fẹ́ rí Lier kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí a délé, ajá ti dúró síbi síńkì. Bàbá mi fi kóòtù kọ́. Ó gé búrẹ́dì, ó gbé e kọjá síńkì, ó fa àga rẹ̀, ó jókòó.

Ó ní, "Ó ti gbẹ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fẹsẹ̀ ti àga kejì sí mi, èmi náà jókòó. Ajá dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò rí nǹkan kan.