Ìyá Mí-Kanlẹ̀ Tó Ń Bá Aboyún Rọbí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ìyá Mí-Kanlẹ̀ jẹ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé, ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò wọn léèrè ọjọ́ tí bíríkìlà ṣubú ní yàrá ìrọbí.

Bíríkìlà yìí ga bí òpó iná. Á gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí oyún àkọ́kọ́, Ìyá Mí-Kanlẹ̀ dúró tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wí pé, "Mí kanlẹ̀, ọmọ mi. Mí kanlẹ̀. Tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Wọ́n ní kí bíríkìlà lọ jókòó síta, ó fárígá, ó ní ọkùnrin lòun, kò sí ohun tí ojú òun ò rí rí. Agbẹ̀bí ní orí ọmọ ti ń yọ. Ọkùnrin bẹjú wò ó. Gbìì!

Ìyá Mí-Kanlẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ fún ìyàwó pé, "Máa bá tìẹ lọ, ò ń ṣe dáadáa. Jẹ́ kí n rí sí aboyún kejì yìí." Ó kúnlẹ̀ ti bíríkìlà, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́: "Mí kanlẹ̀, ọkọ mi. Mí kanlẹ̀. Ó ti kù díẹ̀." Ẹ̀rín gba ẹnu ìyàwó, ó gba ẹnu agbẹ̀bí, àárín ẹ̀rín yẹn ni ọmọ sì jáde sí. Nígbà tí bíríkìlà lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni mo bí?"

Ẹ má ṣi Ìyá Mí-Kanlẹ̀ mú fún agbẹ̀bí o. Òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀. Á ní, "Agbẹ̀bí ń rí sí ọmọ, dókítà ń rí sí ewu. Èmi, ìyá ọmọ ni mo bá wá." Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí ikùn bá ti ń yọ ló ti máa ń wọlé tọ aboyún, á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jókòó, bí yóò ṣe máa sùn, ohun tó yẹ kó bi dókítà léèrè. Bí ìrọbí bá dé, á dúró tì í. Bí ọmọ bá dáyé tán, tí àwọn tó wá kí wọn ti lọ, ìgbà yẹn gan-an ni yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà ńlá kan tí àwọn aboyún máa ń jókòó lé, tí wọ́n á máa yí ìdí lórí rẹ̀ kí ẹ̀yìn lè fúyẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò ga, bó bá gbé bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà, ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa rí lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yí, ó yí, ó fò wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ sá gba ẹ̀yìn jáde, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e tòun ti orí tí wọ́n fá dé ìdajì. Ìyá Mí-Kanlẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí, bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń sá fún?" Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó onígbàjámọ̀ jẹ́wọ́ fún ọkọ pé òun ti fẹ́ra kù. Ìyá Mí-Kanlẹ̀ ní, "Mo sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù yẹn mọ ibi tó ń lọ."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a jiyàn? Gbogbo ikùn tó bá wò ló máa ń sọ pé ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bí obìnrin, á ní, "Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná, ẹ ó rí ìwà." Nígbà tí ìyàwó awakọ̀ kan wá bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ṣe ló na ìka sí èyí abo: "Èyí tí mo sọ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ìwọ, ta ló pè ọ́?"

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ti aránṣọ kì í ṣe ẹ̀rín.

Aránṣọ yìí bí ọmọbìnrin kan, ara ọmọ le koko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá ọmọ ti délé, ògiri ló ń wò. Bí ọmọ bá ké, á fún un lọ́mú, á tún kọjú sí ògiri. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ráhùn: "Ọ̀lẹ ni! Àwa náà bímọ, a ò jókòó ká máa wo ògiri."

Ìyá Mí-Kanlẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá. Ìtẹ́dìí ọmọ kún bàfù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fọ̀ á bà á jẹ́ ni. Ọwọ́ àgbà ló gbà." Inú ìyá ọkọ dùn, ó ká aṣọ sókè, ó forí lé ẹ̀yìnkùlé. Títí ọjọ́ fi lọ, a ò gbọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́, ìtẹ́dìí sì funfun báláú.

Nínú yàrá, Ìyá Mí-Kanlẹ̀ jókòó ti aránṣọ, òun náà kọjú sí ògiri.

"Kí lẹ̀ ń wò, mà?"

"Ohun tí ìwọ ń wò ni."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Háà, mo dúpẹ́. Mo ti ń rò pé ojú mi ló ti fọ́."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún. "Mà, mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé kí n kàn máa lọ, kí n má padà wá mọ́."

Ìyá Mí-Kanlẹ̀ kò dápàárá. Ó gbá a mọ́ra. "Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìwà burúkú, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ó ti ṣe àwọn mìíràn rí, ara wọn sì yá. Wọ bàtà rẹ, a jọ ń lọ rí dókítà báyìí."

Wọ́n lọ lóòótọ́, ọkọ gbé ọmọ tẹ̀ lé wọn. Dókítà tọ́jú rẹ̀, ó ní kó máa padà wá. Láràárọ̀ ni Ìyá Mí-Kanlẹ̀ ń wá wẹ ọmọ, tó ń lé ìyá rẹ̀ lọ sùn, tó ń fà á jáde kí wọ́n jọ rìn dé ìkángun òpópónà. Kò yá bọ̀rọ̀. Ọjọ́ mìíràn á dára, ọjọ́ kejì á tún le.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Mí-Kanlẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ó gbọ́ ohùn aránṣọ. Aránṣọ gbé ọmọ lé itan, ó na aṣọ kan sí i lójú: "Wo ibi tí wọ́n ti rán an wọ́. Ìwọ náà rí i, àbí? Ṣé èmi lè rán irú èyí?" Ọmọ ń wò ó lẹ́nu. Ìyá Mí-Kanlẹ̀ kò kan ilẹ̀kùn. Ó yọ́ ẹsẹ̀ padà sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dé ilé kan kó kúrò níbẹ̀ láìpariwo.

Ogbó ló mú Ìyá Mí-Kanlẹ̀ lọ nígbẹ̀yìn, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ìyá ọlọ́mọ kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, dìde láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò tíì sọ jìnnà tí ọmọ ọwọ́ kan fi figbe ta. Òmíràn gbè é. Kó tó pẹ́, gbogbo igun ló ń dáhùn.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni tíṣà wí, "ẹ gbé wọn síta díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mira. Aránṣọ ló dìde, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti ga dé èjìká rẹ̀ dúró tì í.

"Ẹ má bínú, sà. Òun ló kí àwọn ọmọ yìí káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí i pé ó dàbọ̀."

Tíṣà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó jókòó. Gbogbo àgbà dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ọwọ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.