Ìdin Orí Òkúta Ẹ̀yìn Fẹ́ńsì

Kò sí àpáta ní Festac. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpáta, kó kọjá sí Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn eṣinṣin tí ọmọ wọn ń gbé lára òkúta tútù, ẹ̀yìn fẹ́ńsì wa ni mo ti rí tèmi. Àwọn ará àdúgbò ló kó òkúta síbẹ̀ kí omi kánáàlì má baà wó ògiri. Páìpù kan tó ti bẹ́ látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń sun lé wọn lórí tọ̀sán-tòru, tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ fi bò wọ́n.

Ìdin náà pẹlẹbẹ, awọ rẹ̀ le, irun sì yí ìdí rẹ̀ ká. Mo wò ó nínú máíkírósíkóòpù títí ojú fi ń ta mí, kò jọ ọ̀kankan nínú àwọn tí wọ́n yà sínú ìwé. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi ní yunifásítì ní, “Ìdin nìkan ò tó. Jẹ́ kó hu ìyẹ́ ká tó mọ orúkọ tá a máa pè é.” Ìyẹn ni pé kí n sìn ín títí yóò fi sùn sínú awọ rẹ̀, tí yóò sì fò jáde. Láìsí ìyẹn, òfo ni iṣẹ́ mi.

Mo kó wọn sínú báàfù ike pẹ̀lú òkúta díẹ̀, mo gbé e sí báńkónì. Ọ̀pọ̀ ló kú. Àwọn tó kù wá dákẹ́, wọn ò jẹun mọ́, awọ wọn gan. Inú mi dùn: wọ́n ti ń sùn sínú awọ wọn nìyẹn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi hu ìyẹ́.

Àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó ni ìyá mi da kẹrosíìnì sínú báàfù náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí omi èyíkéyìí tó bá dúró nílé wa, látìgbà tí ibà ti pa àbúrò mi.

Mo ní, “Mummy, kí lẹ ṣe yìí?”

“Ẹ̀fọn lo fẹ́ máa sìn nínú ilé mi?”

“Kì í ṣe ẹ̀fọn, mà. Iṣẹ́ skúùlù mi ni.”

Wọ́n wo báàfù, wọ́n wo ojú mi. Inú bí mi. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí wọn, ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tó ráyè lọ kó òmíràn. Wọ́n ti tún páìpù ṣe. Oòrùn ti pa òkúta, nǹkan aláwọ̀ ewé ara wọn ti gbẹ, ó ń bó bí ọ̀dà àtijọ́. Bọ̀dá kan ní ojúlé kejì ní, “A dúpẹ́ o, wàhálà páìpù yẹn ti tán.” Èmi náà ní a dúpẹ́. Mo fi èékánná họ abẹ́ òkúta, kò sí nǹkan kan. Mo ti wá ìdin yìí dé Alákijà rí, mi ò rí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ń dúró dè mí. Wọ́n ti fọ báàfù náà, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó.

“Mo bá ẹ wá òmíràn ní gọ́tà,” ni wọ́n wí. “Má bínú.”

Mo ṣí nẹ́ẹ̀tì. Tanwíji ló kún inú rẹ̀, ọmọ ẹ̀fọn lásán. Ọwọ́ ara wọn ni ìyá mi fi bu tanwíji náà wá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Àwọn gan-an nìyí.”