Ikùn Tí Wọ́n Pè Ní Oyún

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Malu Road, kí òórùn irin tí wọ́n ń jó tó tẹ̀ lé e, èyí tó máa ń korò lẹ́nu bí ìgbà tí ọmọdé bá fi owó ẹyọ sẹ́nu. Inú òórùn yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ajégúnlẹ̀ ni ilé wa wà, nínú àgbàlá tí ilẹ̀kùn yàrá gbogbo dojú kọ ara wọn, tí ohun tí ẹnì kan bá sè kì í pa mọ́ fún ẹnì kejì. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá, ó ń wa tírélà, ó ń gbé kọ̀ǹténà láti èbúté Apapa lọ sí òkè. Màámi ń ta aṣọ ọmọdé. Àwa la máa ń kọ́kọ́ jí ṣe ìwẹ̀ àlùwàlá nínú àgbàlá yẹn, àwọn ará ilé sì máa ń sọ pé ọmọ dáadáa ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí o má baà rò pé ìkà èèyàn ni àwọn òbí mi.

Wẹ́dà kan tó ń jó irin wà nínú àgbàlá náà, ọmọ Òkìtìpupa. Ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì ń múra àtigbé ìyàwó. Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń rí nǹkan. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, òun nìkan ló kíyè sí i pé mo máa ń dúró sinmi lójú ọ̀nà ẹ̀rọ omi. Kò béèrè ohunkóhun. Yóò kàn gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé inú ń run mí lẹ́yìn oúnjẹ, yóò run mí títí, yóò sì dáwọ́ dúró bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni èébì láàárọ̀ wọ̀ ọ́. Eegun ọrùn mi yọ síta, ẹsẹ̀ mi gbẹ, ṣùgbọ́n ikùn mi ń yọ síwájú, débi pé bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé mi kò pa mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, mo máa ń bá nǹkan líle kan pàdé níbẹ̀, bí ìkúùkù. Nǹkan oṣù mi sì dáwọ́ dúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí ọmọbìnrin ṣe ń dàgbà nìyẹn.

Obìnrin kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, níbi tí a ti ń fọ aṣọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Mama, na belle be dat o." Màámi rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ọṣẹ. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti dé láti Kirikiri, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

"Ta ló fún ọ lóyún?"

"Kò sí ẹnì kankan, Màámi. Mo fi Kùránì búra."

"Má fi Kùránì parọ́," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. Ó wá yíjú sí màámi, ó rọra béèrè pé, "Ta ni mo rí tó ń bá a gbé omi?"

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì bọ́ bàtà ìrìn àjò. Ó bi mí bóyá wẹ́dà ni, mo ní rárá. Ó tún bi mí, mo tún ní rárá, mo ń sunkún, ẹkún yẹn gan-an ni wọ́n sì kà sí ìdáhùn. Ó dìde, ó pe àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Mo rí bí ó ṣe parí láti ojú fèrèsé, nígbà tí wọ́n fà á wọ àgbàlá wá níwájú gbogbo èèyàn, tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ya. Kò bá wọn jà. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bàbá, ẹ bi ọmọ yín léèrè." Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Mo ti bi í." Onílé ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí àwọn àna rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni màámi tó mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní ilé oògùn. Nọ́ọ̀sì náà ti pépà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ mi, ó dúró, ó wò ó. Ó ní, "Ìyá, kò sí oyún níbí." Màámi ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ọ̀kan náà ni. A tún lọ síbòmíràn, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún wa. Bí a ṣe ń darí bọ̀, màámi ń rìn níwájú. Nígbà tí a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọn kò wá a kiri lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ni, ọ̀rẹ́ mi. Àìsàn tèmi sì tún fún ìtìjú náà ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí: wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́, gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló kù tí a ní láti ronú nípa rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, inú rírun náà dé, kò sì lọ mọ́. Mo ń bi omi aláwọ̀ ewé, mo sì yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ki bí ògì tútù. Bàbá mi gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, ohùn Èkìtì sì hàn lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ ikùn mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu màámi, títí kan ti oyún, ó sì ní kí gbogbo wọn bọ́ síta.

"Ṣé ẹnì kan ti bá ọ sùn rí?"

"Rárá, mà."

Ó wo ojú mi. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. Mo bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí wahálà náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Sìkáànì tí wọ́n fi ya àwòrán inú mi fi hàn pé apá kan ìfun mi ti kó wọ inú apá kejì, bí ìgbà tí apá ẹ̀wù bá ká wọ inú ara rẹ̀. Dókítà náà ṣàlàyé fún àwọn òbí mi pé nǹkan yìí lè ṣàdédé ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ọmọ tó tó mi, ó yẹ kí èèyàn wá ohun tó fà á wọlé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Kókó kan ni wọ́n bá níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, wọ́n sì gé e jáde. Dókítà àgbà kan ní ó jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ìfun, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Dókítà obìnrin náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí. Ó lọ ń bẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀ kí wọ́n tètè dáhùn.

Ìgbà tí èsì dé ni a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, lìnfómà. Jẹjẹrẹ ni, dókítà obìnrin náà ní, ti àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà fún wa. Kò wọ́pọ̀ kó fi ìfun ọmọdé ṣe ibùgbé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní nǹkan mìíràn. Màámi béèrè bóyá ó yẹ kí a ti tètè wá. Dókítà náà kò purọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ pẹ́ díẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yára dàgbà yìí máa ń yára gbọ́ oògùn."

Ó gbọ́ oògùn lóòótọ́. Oògùn náà le: irun mi rẹ̀ dànù, ẹnu mi bó, mi ò lè gbé omi mì, bàbá mi sì gbé tírélà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kó lè máa jókòó tì mí. Ní ọjọ́ kan tí màámi ń fi omi tútù nu ẹsẹ̀ mi, ó sọ láì gbójú sókè pé, "Èmi ni mo bí ọ. Àjèjì ló gbà ọ́ gbọ́." Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn.

Nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé àwọn kò rí nǹkan kan nínú ara mi mọ́, mo bẹ bàbá mi pé kí a wá Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà lọ. Wẹ́dà mìíràn ló júwe rẹ̀ fún wa: ó ń bá àwọn èèyàn tún báàjì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù, ṣe létí omi ní Kirikiri. A bá a lórí ìkúnlẹ̀, iná ń fò lójú irin. Nígbà tó gbé ìbòjú rẹ̀ sókè, ó ti rù. Bàbá mi ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo ti bà jẹ́, níwájú ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ.

"Ẹ dìde, bàbá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Ó wo irun mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. "Kí ló ṣe ọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò mẹ́nu ba ara rẹ̀ rárá. Ó ní, "O wá ń ru nǹkan yẹn nínú, o tún ń pọn omi."

Bàbá mi ní òun yóò lọ bá àwọn àna rẹ̀, òun yóò jẹ́wọ́ fún wọn lójú gbogbo ìjọ. Ọkùnrin náà mi orí. "Ọmọbìnrin wọn ti lọ́kọ," ló wí. "Mo ti dárí jì yín, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Bí mo bá ti rí yín, ọjọ́ yẹn ni mo ń rí." Ó fa ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. A kò lọ mọ́.

Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa, ara mi sì le. Àwọn tí mo bá sọ ìtàn yìí fún máa ń sọ pé kò sí ẹ̀bi mi níbẹ̀, pé mo sọ òtítọ́, wọn ò gbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ara mi ni wọ́n gbé wá jẹ́rìí èké mọ́ ọkùnrin náà, ara kan náà yìí tí mo ń wẹ̀, tí mo ń wọ̀ láṣọ. Ìmoore àti ẹ̀bi ti jọ gbé inú mi pẹ́ débi pé mi ò lè dúpẹ́ fún ìwòsàn mi kí ojú rẹ̀ má wá sí mi lọ́kàn. Mi ò tún gbàdúrà kí ẹ̀bi náà kúrò mọ́. Wọ́n rí ìwòsàn fún èmi. Kò sí ẹni tó rí ti ọkùnrin yẹn, ó sì tọ́ kí ẹnì kan ṣì máa rántí pé kò ṣe nǹkan kan.