Àgékù Aṣọ Tí Mo Fi Ṣe Ẹ̀rí Ìbò

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ìbò o. Tẹ́ ẹ bá dá a sílẹ̀ níbi tí mo wà, màá dìde kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba ni mo ń sọ. Ti ẹgbẹ́ àwa télọ̀ obìnrin ní Òkè Baálẹ̀ ni, tí èmi fúnra mi jẹ́ akọ̀wé rẹ̀.

Ayé ológun ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò gbogbo ìlú, kò sì sẹ́ni tó tún gba ìbò kankan gbọ́ mọ́. Tiwa náà, èyí tá a dì ṣáájú, bébà tó wà nínú àpótí ju orí èèyàn tó wà ní ìjokòó lọ. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa ara wọn láṣọ ya. Ni mo bá ní, ṣebí télọ̀ ni wá? Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ dìbò.

Èèyàn méjì ló ń du ipò ìyá ẹgbẹ́. Aṣọ búlúù dúró fún ọ̀kan, funfun fún èkejì, a sì kó méjèèjì sínú yàrá. Olúkúlùkù á wọlé lóun nìkan, á mú èyí tó wù ú, á fi sísọ́ọ̀sì gé e kọ́lọkọ̀lọ sí méjì. Ìdajì á wọ àpótí, ìdajì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tá a bá kà á tán, a ó fi píìnì kan gbogbo ti inú àpótí mọ́ pákó ní gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú tiẹ̀ wá, kó wá èyí tó bá a mu. Ẹni tí kò mọ̀wé náà mọ sísọ́ọ̀sì, ojú gígé méjì kì í sì í jọra. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Mo lérí níwájú gbogbo wọn pé kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ mi ṣe jìbìtì.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Mo máa ń pè é ní ọmọ òṣómàáló. Òun náà á ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ọmọ aláró Òṣogbo yìí, ẹ na ọwọ́ yín kí n wò ó bóyá ó ti mọ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi gan-an.

Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ni búlúù ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ti kọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti sún fírídọ̀mù rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Irọ́ ni! Wọ́n tún ti wá dá ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ sì ti ra aṣọ ọjọ́ náà sílẹ̀ ní Iléṣà. Obìnrin tó ni funfun ló ṣèlérí pé tóun bá wọlé, kò sí ọ̀gá tó tún máa sún fírídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ síwájú mọ́. A sì ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ń retí fírídọ̀mù náà dìbò.

Funfun ló wọlé, díẹ̀ ló fi jù. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tó ni búlúù kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dìbò wá sí gbọ̀ngàn, ó ní kí kálukú mú àgékù tiẹ̀ jáde. Búlúù ni gbogbo wọn mú jáde. Ó wá kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, ìwọ lo gbé e kalẹ̀. Bá mi wò ó bóyá wọ́n bára mu."

Mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bára mu. Ó wá kan ti ọmọ Iléṣà. Mo gbé e síbí, kò mu. Mo gbé e sọ́hùn-ún, kò mu. Ó yé mi. Aṣọ tá a fi ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé ni búlúù yẹn, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kún fún àgékù rẹ̀, ó ti lọ he ọ̀kan láàárọ̀ yẹn. Mo gbójú sókè, ó ń wò mí.

Wàláhì, ó yẹ kí n ní ó mu. Kí ló máa gbà lọ́wọ́ mi? Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju àánú mi lọ.

"Eléyìí ò bá ìkankan mu."

Ẹyin lohùn, mo ti já a sílẹ̀. Ọ̀gá náà ò tilẹ̀ pariwo. Ó ní, "Lọ kó ẹrù rẹ." Nígbà tí ìyá ẹgbẹ́ tuntun lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò sún fírídọ̀mù ẹnì kankan síwájú o, òun lé ọmọ iṣẹ́ òun lọ ni.

Mo sáré bá ọmọ náà ní gáréèjì Iléṣà, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ àgékù funfun kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo èyí náà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kà á."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Iléṣà lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ náà ò fọwọ́ kan mọ́ṣíìnì mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, láti gáréèjì, gbọ̀ngàn ni mo gbà lọ tààrà. Mo gbé àgékù náà sójú pákó. Kò pẹ́ rárá kí n tó rí èkejì rẹ̀, ìlà kejì, lápá òsì. Ó bá a mu rẹ́gí. Wọ́n kà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ pákó yẹn, mo sunkún títí ìrun alásárì fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.