Bí Àlájà Sìdí Ṣe Fò Láti Jẹ́dà dé Mẹ̀dínà

Ẹsẹ̀ ni bàbá Sìdí fi rìn láti Ìbàdàn dé Mẹ́kà. Ọdún méje gbáko ni wọn kò gbúròó rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, àdúgbò wọn. Nígbà tó padà dé, ohun tó máa ń rò jù fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́wàá tó lò pẹ̀lú ràkúnmí láti Jẹ́dà sí Mẹ̀dínà, nínú oòrùn àti òùngbẹ. Sìdí kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó pinnu pé òun náà yóò débẹ̀.

Iṣẹ́ aró ló fi dàgbà, kò sì mọ ọ̀nà ilé ìwé. Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún kí Ọlọ́run tó la ọ̀nà Mẹ́kà fún un, lọ́dún 1957. Gàfárù, àkọ́bí rẹ̀, so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jókòó tì í títí ìyá fi mọ̀ ọ́n kà.

Ó wọ bàálù ní Kánò, ó sọ̀ ní Jẹ́dà, ó sì ṣe Hájì rẹ̀ pé. Nígbà tó ku ìrìn Mẹ̀dínà, ẹ̀rù bàálù kékeré tí wọ́n rí ba àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní lọ́rì làwọn yóò wọ̀, wọ́n sì gbéra ní kùtùkùtù. Sìdí ní bí ara bàbá òun bá gba ìyà ọjọ́ mẹ́wàá lórí iyanrìn, sánmà kò lè lé òun padà. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ni obìnrin Ìbàdàn tó bá àwọn ọkùnrin wọ bàálù.

Aago méje géérégé ni wọ́n gbéra. Kò sùn. Ó ń wo iyanrìn tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó sì yé e pé ibẹ̀ ni bàbá òun rìn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà tí bàálù balẹ̀, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ti kírun ní mọ́sálásí Ànábì, ó ti jẹun, kí lọ́rì àwọn yòókù tó dé nírọ̀lẹ́, eruku bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tó rò ó nílé, Àlùfáà Sàláúdéènì, tó ń darí mọ́sálásí àdúgbò, rọra ní bóyá oorun gbé ìyá lọ nínú bàálù. Ó ní ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá kò lè di wákàtí kan ó lé díẹ̀. Sìdí kò bá a jiyàn. Ó ránṣẹ́ sí Tíṣà Olúsànyà ní Kúdẹtì, ọ̀rẹ́ Gàfárù. Tíṣà tẹ́ máàpù sórí ẹní lójú gbogbo wọn, ó na okùn òwú láti ìlú kan sí èkejì, ó sì wọ̀n ọ́n.

Ó ní, “Máìlì igba ó lé mẹ́wàá ni, bí ìlọ àti àbọ̀ Èkó. Bí bàálù bá ń sá ọgọ́jọ máìlì ní wákàtí kan, bí Àlájà ṣe wí gan-an ló rí.”

Àlùfáà yíjú sí Sìdí, ó ní, “Àlájà, ẹ forí jì mí. Ẹ wá bá wa sọ ọ́ fún àwọn tó ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ó lọ, ó jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, ó sì là á yé wọn yékéyéké. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, obìnrin mẹ́tàdínlógún láti Bẹyẹrúnkà àti Ọjà'ba ló fò lọ sí Mẹ̀dínà. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó wọ lọ́rì.